Dísìkì Méjì, Ẹrù Kan

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Yankaba, Sábó Gàrí, Kánò

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí a wá bá yín sọ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ irin iṣẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ fi irin iṣẹ́ náà ṣe ti pẹ́ láyé. Ojú irin wọ Kánò ní 1911, láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn wa sì ti ń bá a wá, tí wọ́n ń dúró sí Sábó Gàrí. Ibikíbi tí Yorùbá bá ti pé mẹ́ta ní ilẹ̀ àjò, ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ dá. Bí ẹgbẹ́ bá sì ti dé, ìwé dé. Orúkọ ẹni tó wọlé, owó tí ó san, ẹni tí ó ṣàìsàn tí a ràn lọ́wọ́, ẹni tí a sin àti ibi tí a sin ín sí, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìwé wọ̀nyí. Bí ọmọ kan bá ti ilé dé lọ́la, tí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá mi gbé níhìn-ín, ibo ni wọ́n sin ín sí? Ǹjẹ́ ó san owó tirẹ̀?" ìwé ẹgbẹ́ nìkan ni yóò dá a lóhùn nígbà tí àwọn ojúgbà bàbá rẹ̀ kò bá sí mọ́. Ikán kò mọ̀ pé ìwé ìsìnkú ni òun ń jẹ. Òjò tó ń jò láti orí páànù kò mọ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ yàtọ̀ sí bébà ìdì ẹ̀pà. Nítorí náà ni ẹ ṣe pinnu pé kí a ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì gba ohùn àti àwòrán àwọn àgbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàárín wa. Ìpinnu rere ni.

Nísinsìnyí, ìbéèrè tí ẹ gbé ka iwájú wa ni èyí: dísìkì méjì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 2 tẹ́rábáìtì. Ṣé kí a so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, kí ó tóbi, kí ó sì yára? Àwọn ọ̀dọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn àgbà kan ní kí a rọra. A ó sọ òtítọ́ fún yín: ìhà méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, a ó sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti lè pàdé.

KÍ NI PÍPÍN NÍ ÌLÀ-ÌLÀ?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ọjà Yankaba tí gbogbo wa mọ̀. Lọ́rì tòmátì kan dé, apẹ̀rẹ̀ 100 ló wà nínú rẹ̀. Bí alábàárù kan ṣoṣo bá ń kó o, yóò pẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, tí ẹni àkọ́kọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ kìíní, tí ẹnì kejì gbé ìkejì, tí ẹni àkọ́kọ́ tún padà wá gbé ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù yóò tán ní nǹkan bí ìdajì àkókò. Ohun tí dísìkì méjì ń ṣe ní ọ̀nà ìlà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà a gé fáìlì sí wẹ́wẹ́. A fi ègé kìíní sórí dísìkì àkọ́kọ́, ègé kejì sórí ìkejì, ìkẹta padà sórí àkọ́kọ́. Méjèèjì ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè méjèèjì sì di ọ̀kan: 2 àti 2 di 4. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tòmátì kò dà bí ìwé. Bí alábàárù kan bá sá lọ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ìdajì tòmátì ṣì kù tí a lè tà. Ẹ wá ro lẹ́tà kan tí a fi ọ̀bẹ gé sí wẹ́wẹ́, tí a kó ègé kan fún ìránṣẹ́ kan, tí a kó èyí tó tẹ̀ lé e fún ìránṣẹ́ kejì, títí lẹ́tà fi tán. Bí ìránṣẹ́ kan kò bá dé, kì í ṣe ìdajì lẹ́tà ni ó kù lọ́wọ́ yín. Ohun tó kù kò ṣe é kà. Bí dísìkì kan nínú méjì bá kú lórí ọ̀nà ìlà, gbogbo ẹrù ló bá a lọ, èyí tó wà lórí dísìkì tí ara rẹ̀ le pàápàá.

Ẹ gbọ́ ìtàn ibi tí èyí ti wá. Dísìkì àkọ́kọ́ tí a tà fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jáde ní 1956 láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà. Awo irin 50 ló wà nínú rẹ̀, ó tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, síbẹ̀ mílíọ̀nù 5 àmì péré ni ó lè gbà. Fọ́tò kan ṣoṣo láti inú fóònù òde òní lè kún un. Ní 1988, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, kọ ìwé kan tí ó sọ pé dísìkì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú tí a so pọ̀ lè ṣe iṣẹ́ dísìkì ńlá olówó iyebíye. Wọ́n pe ètò náà ní RAID. Wọ́n to ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀, láti orí ìkíní dé ìkarùn-ún, gbogbo márààrún ló sì ní ààbò nínú bí dísìkì kan bá kú. Ọ̀nà ìlà lásán kò sí lára márùn-ún yẹn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a tó fún un lórúkọ, òdo ni a sì pè é: RAID 0. Ẹ fi òdo yẹn sọ́kàn. Òdo ni ààbò tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà ìkíní, RAID 1, ni àwa yóò pè ní ọ̀nà ìbejì lónìí. Ohun tí a bá kọ sára Táyé ni a kọ sára Kẹ́hìndé. Dísìkì méjì wà, ṣùgbọ́n àyè ọ̀kan ṣoṣo ni a rí lò. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì ṣì ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ìṣirò àjọ. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé nínú 100 dísìkì, 5 ń kú lọ́dún. Bí ẹrù bá wà lórí dísìkì kan, ewu rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100. Bí a bá pín in ní ìlà sórí méjì, ewu fẹ́rẹ̀ẹ́ di 10 nínú 100, nítorí ikú èyíkéyìí nínú méjèèjì tó láti pa gbogbo rẹ̀. Bí a bá pín in sórí mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di 19. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà ìbejì, kí méjèèjì kú lọ́dún kan náà jẹ́ 1 nínú 400, bí ikú ọ̀kan kò bá ní ọwọ́ nínú ikú èkejì. Ẹ kíyè sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Dísìkì méjì tí a rà lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n ń mu iná kan náà, lè kú papọ̀ bí iná bá ya wọlé lójijì.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI PÀDÉ

Ẹ bi ara yín: èwo nínú ẹrù wa ni ó ń béèrè eré? Ìwé orúkọ àti ìwé ìsìnkú kò béèrè eré. Dísìkì lásán kan lè ṣí i kí a tó mí. Fídíò àwọn àgbà ni ó ń béèrè eré àti àyè, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń gé e tí wọ́n ń tò ó. Bí iṣẹ́ fídíò bá sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà, tí fídíò àkọ́kọ́ tí a gbà bá wà níbòmíràn, a ó tún un gé. Ṣùgbọ́n ìwé ìsìnkú tí ikán ti jẹ bébà rẹ̀ kò ṣe é tún kọ.

Nítorí náà, a kò ní mú ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. A ó la dísìkì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì. Nǹkan bí ìdámẹ́rin kan lára méjèèjì yóò di ìbejì fún àkọsílẹ̀. Èyí tó kù lára méjèèjì yóò di ìlà fún iṣẹ́ fídíò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ojú aṣọ dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí ni a ó ti ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux. Irin iṣẹ́ tí a ń lò ni mdadm, tí Neil Brown bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Ọ̀fẹ́ ni. A fẹ́ràn àṣẹ títẹ̀ nítorí pé a lè kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa tẹ ohun kan náà gan-an.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo orúkọ àwọn dísìkì:

lsblk

Ẹ wo bí wọ́n ti tóbi tó. Àpẹẹrẹ tiwa ni sdb àti sdc. Bí orúkọ tiyín bá yàtọ̀, tiyín ni kí ẹ kọ. Ẹni méjì ni kí ó wò ó kí ẹnì kan tó tẹ̀ ẹ́, nítorí àṣẹ tó tẹ̀ lé èyí ń nu ohun gbogbo tó wà lórí dísìkì, kì í sì í bẹ̀bẹ̀.

sudo parted -s /dev/sdb mklabel gpt mkpart akosile 1MiB 500GiB mkpart ise 500GiB 100%

sudo parted -s /dev/sdc mklabel gpt mkpart akosile 1MiB 500GiB mkpart ise 500GiB 100%

Báyìí dísìkì kọ̀ọ̀kan ti là sí méjì. Ẹ ṣe ìbejì:

sudo mdadm --create /dev/md1 --level=1 --raid-devices=2 /dev/sdb1 /dev/sdc1

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìlà:

sudo mdadm --create /dev/md0 --level=0 --raid-devices=2 /dev/sdb2 /dev/sdc2

Bí ẹ kò bá sọ bí ègé kọ̀ọ̀kan yóò ti tóbi tó, mdadm yóò fi í sí 512 kìlóbáìtì. Ó dára fún fídíò, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ yín:

cat /proc/mdstat

Ní iwájú md1 ẹ ó rí [UU]. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Táyé wà, Kẹ́hìndé wà. Ẹ ó tún rí i pé ó ń mú wọn dọ́gba, èyí lè gba wákàtí mélòó kan. Ní iwájú md0 kò sí àmì bẹ́ẹ̀, nítorí ìlà kò ní ẹni tí yóò dúró fún ẹnìkejì. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ ilẹ̀ sí wọn kí wọ́n lè gba fáìlì, kí ẹ sì fún wọn ní ẹnu ọ̀nà:

sudo mkfs.ext4 /dev/md1

sudo mkfs.ext4 /dev/md0

sudo mkdir -p /mnt/akosile /mnt/ise

sudo mount /dev/md1 /mnt/akosile

sudo mount /dev/md0 /mnt/ise

Kí kọ̀ǹpútà lè rántí wọn bí a bá pa á tí a tún tàn án, lórí Debian àti Ubuntu:

sudo mdadm --detail --scan | sudo tee -a /etc/mdadm/mdadm.conf

sudo update-initramfs -u

Ẹ tẹ sudo blkid kí ẹ rí nọ́ńbà UUID tí ó gùn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú /etc/fstab fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nofail. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ láti jí bí dísìkì kan bá ṣàìsàn.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Àwọn dísìkì kan máa ń pariwo kí wọ́n tó kú, bí a bá ń fetí sí wọn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí akọ̀wé wo /proc/mdstat. Bí [UU] bá di [U_] tàbí [_U], ìbejì kan ti lọ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó bi dísìkì kọ̀ọ̀kan nípa ìlera rẹ̀:

sudo smartctl -a /dev/sdb

Kí ó wo ibi tí a kọ Reallocated_Sector_Ct sí. Iye rẹ̀ tí ń gòkè láti oṣù dé oṣù dà bí ikọ́ tí kò tán lára èèyàn. Ẹ ra òmíràn sílẹ̀.

Bí sdb bá kú, ẹ ó yọ apá rẹ̀ kúrò nínú ìbejì:

sudo mdadm /dev/md1 --fail /dev/sdb1 --remove /dev/sdb1

Bí ẹ bá ti fi dísìkì tuntun sí i, tí ẹ là á bí ti àkọ́kọ́, ẹ fi kún un:

sudo mdadm /dev/md1 --add /dev/sdb1

Ìbejì tó kù yóò kọ́ tuntun ní gbogbo ohun tí ó mọ̀. Ní ti md0, kò sí àwòtán. Ẹ ó tún un dá láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì da fídíò padà sí i láti inú ẹ̀dà.

Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí dísìkì wà láàyè, ẹ gbé méjèèjì papọ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà Linux mìíràn, kí ẹ sì tẹ sudo mdadm --assemble --scan. Yóò mọ̀ wọ́n, ì báà jẹ́ pé orúkọ wọn yí padà. Ẹ má ṣe gbé ọ̀kan ṣoṣo lọ fún alátùn-únṣe kí ẹ fi èkejì sílé. Bí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn bá sì sọ pé òun kò mọ dísìkì yìí, ṣé kí òun nù ún, ẹ má gbà.

Ẹ kò sì nílò kí a sọ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná fún yín. Ẹ má ṣe so kọ̀ǹpútà yìí mọ́ iná lásán tàbí mọ́ jẹnẹrétọ̀ ní tààrà. Kí bátìrì wà láàárín wọn, kí iná tó lọ lójijì má bá a lẹ́nu iṣẹ́.

ÌBEJÌ KÌ Í ṢE Ẹ̀DÀ

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ló kù yìí. Bí ẹnì kan bá fi àṣìṣe pa ìwé ìsìnkú rẹ́ lára Táyé, lójú ẹsẹ̀ ni ó parẹ́ lára Kẹ́hìndé. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, méjèèjì ló gbé. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, iná jó ọjà Sábó Gàrí níhìn-ín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù ló run. Iná kì í béèrè bóyá ìlà ni tàbí ìbejì. Ìbejì ń gbà wá lọ́wọ́ ikú dísìkì kan ṣoṣo. Ẹ̀dà tó wà nílé mìíràn ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ ìyókù.

Nítorí náà, kí a ra dísìkì kẹta, èyí tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta. Ní ọjọ́ ìpàdé oṣooṣù, kí a so ó mọ́ ọn, kí a sì tẹ:

rsync -a /mnt/akosile/ /media/eda/akosile/

rsync -a /mnt/ise/ /media/eda/ise/

Lẹ́yìn náà, kí a tú u, kí akápò gbé e lọ sí àdúgbò mìíràn. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ mìíràn wà nílé, ní ìlú wa. Kí a máa ṣí ojú ìwé mẹ́ta wò láti inú ẹ̀dà náà níwájú ìpàdé, nítorí ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni. Fídíò àkọ́kọ́ tí a gbà lẹ́nu àwọn àgbà, kí ó kọ́kọ́ dé inú ẹ̀dà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí gé e lórí ìlà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

ÀWỌN OHUN TÍ A DÁBÀÁ

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ohun mẹ́rin ni a gbé síwájú yín fún ìdìbò. Èkíní, kí a la dísìkì méjèèjì bí a ti sọ, ìbejì fún àkọsílẹ̀, ìlà fún fídíò. Èkejì, kí a fọwọ́ sí owó dísìkì kẹta àti bátìrì kí a tó gbé fáìlì kan sórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹni mẹ́ta mọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn kí ó jẹ́ obìnrin nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, nítorí àwọn ni wọ́n ń pẹ́ jù nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Kí a kọ àṣẹ náà sórí bébà, kí a fi sínú àpótí. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe da ìwé àtijọ́ nù nítorí pé a ti ya fọ́tò rẹ̀. Kí a wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí a gbé e kúrò nílẹ̀, kí ikán má rí i.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé owó náà pọ̀ fún ohun tí a kò fojú rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe dá owó ra ìwé àti tàdáwà nígbà tí oúnjẹ wọ́n fún wọn, kí àwa tí wọn kò rí lè mọ̀ pé wọ́n gbé níhìn-ín. Gbèsè ni wọ́n jẹ wá sílẹ̀ láti san fún àwọn ọmọ wa.

 Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó dìde, ọ̀dọ́ kí ó jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀mí wa yóò gùn, ìwé wa kò ní parun, ilé kò ní gbàgbé wa. Àṣẹ.